Bí Mo Ṣe Dá Kọ̀ǹpútà Padà sí Windows 10: Ẹ̀ẹ̀kan Pẹ̀lú Òógùn, Ẹ̀ẹ̀kan Láìsí Wàhálà

Ó pé ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti gbé kọ̀ǹpútà mi kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Windows 11 kí n tó rí i pé síkánà mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Síkánà náà kò bàjẹ́ o. Iná rẹ̀ ń tàn, ó ń kùn bó ṣe máa ń kùn bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń wò ó bí àlejò tí kò mọ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń ya ìwé àfọwọ́kọ sínú kọ̀ǹpútà, n ó wá jókòó tẹ̀ ẹ́ láti ìlà dé ìlà. Ọjọ́ tí síkánà bá dákẹ́, iṣẹ́ dákẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ àtiṣe dráífà tuntun fún un tipẹ́. Dráífà ni sọ́fítíwíà kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn. Èyí àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, Windows 10 gbà á, kò bá a jà. Lórí 11, kò gbọ́ tirẹ̀ rárá.

Mo ní kò tó nǹkan, mo máa padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Mo lọ síbi tí bọ́tìnnì àtipadà wà, ó ti ṣú, kò ṣeé tẹ̀. Fáìlì tí wọn ì bá fi dá mi padà kò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Ta ló kó o? Èmi ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ìlà drive C ti pọ́n, àyè ti fẹ́ tán níbẹ̀. Mo bá wọ inú Temporary files, mo rí ohun kan tí wọ́n pè ní Previous Windows installations tó gba àyè tó lé ní 20 GB, ojú mi là. Mo fi àmì sí i, mo pa á rẹ́. Odindi Windows 10 mi ni mo fọwọ́ ara mi dà sí ààtàn yẹn.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sórí Windows tuntun ni pé kó má gbálẹ̀ kankan níbẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀ pé òun kò padà mọ́.

Ibi tí Windows àtijọ́ fara pamọ́ sí

Bí Windows 11 bá gorí Windows 10, kì í pa èyí àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló máa ń ká a jọ sínú fódà kan lórí drive C tí wọ́n ń pè ní Windows.old. Fódà mìíràn tún wà tí wọ́n fi pa mọ́, $Windows.~BT, òun náà sì wúlò fún ìrìn àjò àtipadà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọnù, ọ̀nà ìrọ̀rùn ti dí. Ẹ lè ṣí Windows.old wò, ẹ tilẹ̀ lè ṣe ẹ̀dà fáìlì kan láti inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó ohunkóhun jáde, ẹ má sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ 10 ni wọ́n fún un. Nígbà tí Windows 10 kọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, ọjọ́ 30 ni èèyàn ní láti rò ó. Ní 2016, nígbà tí Anniversary Update dé, wọ́n gé e sí 10, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Bí ọjọ́ bá pé, Windows fúnra rẹ̀ á gbá Windows.old dànù, kò ní bi yín. Disk Cleanup, irinṣẹ́ ìgbálẹ̀ inú Windows, lè gbá a ṣáájú ọjọ́. Storage Sense náà lè ṣe é. Àwọn sọ́fítíwíà tó ń pariwo pé àwọn á sọ kọ̀ǹpútà yín di tuntun, àwọn ni mo bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí wọ́n máa ń gbálẹ̀ dé abẹ́ ibùsùn.

Ẹ yẹ nǹkan méjì wò kí ẹ tó dààmú ara yín. Àkọ́kọ́, ṣé lóòótọ́ ni Windows yín yí padà? Ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ winver síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ update oṣooṣù lásán ló da nǹkan rú, ẹ kò nílò ìrìn àjò kankan: Settings, Windows Update, Update history, Uninstall updates, ẹ yọ èyí tó dé kẹ́yìn, ó tán. Èkejì, bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú Windows 11 lórí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kò sí Windows 10 kankan tí ẹ lè bá nínú Windows.old rẹ̀. Ẹ fo ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ fláàṣì.

Ẹ kọ́kọ́ fa ọjọ́ gùn

Bọ̀dá mi ló kọ́ mi pé èyí ló yẹ kó ṣáájú. Wọ́n pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kẹjọ tí àwọn náà ti gorí 11.

"Àbúrò, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe ìṣirò owó yìí ò ṣí mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń ṣẹ́jú ni."

"Bọ̀dá mi, ọjọ́ wo lẹ gbé Windows yẹn lọ?"

"Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ ò tíì pa nǹkan kan rẹ́?"

"Kí ni mo fẹ́ pa rẹ́? Èmi tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n n kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ 10 tó pé, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dá padà fúnra wọn láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé ìṣirò wọn. Ohun tó kù ni kí á bẹ kọ̀ǹpútà kó fún wa ní ọjọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, kí wọ́n mú Terminal, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, èyí tó ní Admin lára, kí wọ́n sì tẹ Yes bó bá béèrè àṣẹ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tí wọn yóò kọ:

DISM /Online /Get-OSUninstallWindow

Ẹ kò mọ bí ìlà yìí ṣe gùn tó àfi tí ẹ bá ń pè é fún ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi ìlà tó dagun sí òsì kọ ọ́, Terminal sì fi lẹ́tà pupa dá wọn lóhùn. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ìyẹn kọ́, èyí tó bá àmì ìbéèrè gbé orí bọ́tìnnì kan náà ni." Ìgbà kejì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà náà, pupa tún wá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ìgbà kẹta ni wọ́n ní, "Ó mú mẹ́wàá wá." Iye ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà fún wọn lápapọ̀ nìyẹn, kì í ṣe iye tó kù. A wá kọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

60 ni ibi tó ga jù tó lè dé. 2 ni ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí Windows tuntun ti wọlé ló ti ń ka ọjọ́ náà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ kọ àṣẹ yìí. Bí ọjọ́ 10 bá sì ti kọjá, tí Windows.old ti lọ, àṣẹ yìí kò lè jí i dìde. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn mi á kọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní gan-an, kódà bí Windows tuntun bá ń dùn mọ́ ọn bí oyin. Kò ná yín ní ohunkóhun ju àyè tí fódà náà gbà lọ.

Kí ẹ tó tẹ Go back

Wọ́n sọ pé àtipadà kì í fọwọ́ kan fáìlì yín: ìwé, àwòrán, orin, gbogbo rẹ̀ á wà níbi tó wà. Òótọ́ ni, mo ti rí i. Síbẹ̀, n kò ní tẹ bọ́tìnnì náà láé bí ohun tí mo lè fi sunkún kò bá tíì ní ẹ̀dà sórí hard disk mìíràn. Ẹ má gbàgbé àwọn fáìlì tí kì í gbé inú Documents. Ti bọ̀dá mi, inú fódà sọ́fítíwíà ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀ ni gbogbo ìwé owó wọn wà, lórí drive C tààrà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní ronú dé.

Ohun tí yóò sọnù ni sọ́fítíwíà àti dráífà tí ẹ gbé wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti gorí 11, àti àwọn àyípadà tí ẹ ṣe sí Settings. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Èyí máa ń mú èèyàn. Bí ẹ bá padà dé Windows 10, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò nígbà tí ẹ wà níbẹ̀ ló máa béèrè. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa tẹ PIN mẹ́rin tàbí láti máa gbé ojú sí kámẹ́rà lè ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù gan-an láti ọdún tó ṣíwájú. Ẹ wá a jáde nísinsìnyí tí ẹ ṣì rí ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá ti dá àkáǹtì tuntun fún ẹlòmíràn lórí kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí ẹ gorí 11, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì onítọ̀hún, kí ẹ yọ àkáǹtì náà kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ BitLocker tún wà. Ọ̀pọ̀ laptop òde òní ló ń ti disk wọn pa fúnra wọn láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Bí nǹkan bá yí padà lábẹ́ rẹ̀, ó lè da ojú búlúù bo yín kó ní kí ẹ kó nọ́ńbà 48 wá. Bí ẹ bá ń fi àkáǹtì Microsoft wọlé, nọ́ńbà náà sábà máa ń wà nínú àkáǹtì yẹn. Ẹ wá a láti orí fóònù ní aka.ms/myrecoverykey. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Mo máa ń fi bírò kọ gbogbo 48 sórí bébà, ní mẹ́fà-mẹ́fà bí wọ́n ṣe tò ó, n ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ẹ yọ fláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tó ń rọ̀ mọ́ ọn, àyàfi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì.

Go back fúnra rẹ̀

Lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, iṣẹ́ náà kéré. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wá Recovery ní ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni Go back wà. Yóò kọ́kọ́ bi yín ìdí tí ẹ fi fẹ́ lọ. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, kò sí ìdáhùn tí yóò dá yín dúró. Yóò ní bóyá kí òun wá update wò, bóyá yóò tún ohun tó ń dùn yín ṣe. Èmi máa ń sọ fún un pé rárá, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì wá update kankan láti ìgbà tí ẹ gorí rẹ̀, ó tọ́ kí ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún máa kìlọ̀ nípa sọ́fítíwíà tí yóò lọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ tẹ Next títí ẹ ó fi dé bọ́tìnnì tó gbé orúkọ Windows 10 dání. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dìde kúrò níbẹ̀.

Mo sọ pé kí ẹ dìde torí ojú rẹ̀ máa ń dúdú, á tún tàn, á tún dúdú, ìka á sì máa yún èèyàn láti tẹ bọ́tìnnì iná. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà bọ̀dá mi, kò tó wákàtí kan tí àwòrán àtijọ́ wọn fi padà yọ, sọ́fítíwíà ìṣirò náà sì ṣí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ohun tó ń fa gbogbo ariwo ọ̀hún náà nìyí?"

Bí Windows 11 kò bá tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé, tó kàn ń yí lójú kan, Windows.old ṣì lè gbà yín. Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bí àmì Windows bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò ṣí ojú ewé àtúnṣe. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, kí ẹ sì tẹ Uninstall latest feature update. Ọ̀nà kan náà ni, ẹnu ilẹ̀kùn ló yàtọ̀.

Bí Windows.old kò bá sí mọ́

Èyí ni tèmi. Kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìrọ̀rùn. Ẹ máa nu disk náà ni, ẹ ó sì gbé Windows 10 wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tí mo sọ lókè, níbí yìí ó ti kúrò ní ìmọ̀ràn, ó ti di dandan. Ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un.

Ẹ wá fláàṣì tí kò kéré sí 8 GB, tí ẹ kò fi nǹkan pàtàkì sí, torí yóò nu òun náà. Lórí ojú ewé Download Windows 10 ní ibùdó Microsoft, ẹ gba Media Creation Tool. Bó bá bi yín, ẹ má mú Upgrade this PC now. Create installation media ni kí ẹ mú, kí ẹ sì yan fláàṣì. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín ló ti kú, ẹ yá ti ẹlòmíràn lò fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ lọ sí ibùdó ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá dráífà Windows 10 fún irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Ti Wi-Fi ló ṣe kókó jù. Mo ti rí ẹni tó gbé Windows wọlé tán tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì láti fi gba dráífà íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá ní dráífà Windows 10 fún un rárá, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jáde pẹ̀lú 11, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ ó padà sórí Windows tí kò mọ ìdajì ara kọ̀ǹpútà yín.

Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé boot menu wá léraléra, ìyẹn ibi tí ẹ ó ti yan ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi jí. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ló sábà máa ń jẹ́. Lórí HP, F9. Lórí Asus, Esc. Ẹ mú fláàṣì. Windows Setup á ṣí. Bó bá béèrè product key, ẹ tẹ I don't have a product key. Kọ̀ǹpútà tó ti lo Windows 10 tó ní àṣẹ rí, àṣẹ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Microsoft. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á dá a mọ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni irú tí ẹ yàn: bó bá jẹ́ Home ni ẹ ń lò, Home ni kí ẹ mú, bó bá jẹ́ Pro, Pro. Ẹ yẹ èyí wò nínú winver kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Yóò fi ohun méjì lọ̀ yín: Upgrade àti Custom. Custom ni tiwa. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ayé ara mi rú, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Disk méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Èyí tí Windows wà lórí rẹ̀ jẹ́ 256 GB. Èkejì, tí gbogbo ìwé tí mo ti yà láti ọdún yìí wá wà lórí rẹ̀, jẹ́ 1 TB. Mo rò pé Drive 0 ni ti Windows. Nǹkan tí mo rí ni ìlà bíi méje tó tò síra wọn, ìlà kan fún partition kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n pín disk sí: Drive 0 Partition 1, Drive 0 Partition 2, Drive 1 Partition 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí C, kò sí D, kò sí orúkọ kankan tí mo mọ̀. Kò sì sí 256 níbì kankan. Ọwọ́ mi ti wà lórí Delete fún Drive 0 kí n tó wo iye tó wà níwájú rẹ̀: 931 GB. Ọwọ́ mi tutù. Àwọn tó ń ṣe disk ń fi ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ka GB, Windows sì ń fi 1024 kà á. Ìdí nìyí tí 1 TB fi ń jẹ́ 931 GB lójú rẹ̀, tí 256 GB sì ń jẹ́ 238. Drive 1 ni ti Windows nínú tèmi. Mo ti kọ̀ǹpútà pa, mo ṣí ìdí rẹ̀, mo yọ wáyà disk kejì kúrò pátápátá, mo wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ẹ bá lè yọ tiyín, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè yọ ọ́, ẹ ka iye tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹ tó fọwọ́ kan Delete.

Lórí disk Windows nìkan, ẹ pa gbogbo partition rẹ́ títí yóò fi ku ìlà kan tó ń jẹ́ Unallocated Space. Ẹ mú un, ẹ tẹ Next. Windows á pín in fúnra rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé kò ní fi disk kankan hàn yín rárá. Ẹ má rò pé disk ti kú. Lórí àwọn laptop Intel láti ìran 11 síwájú, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní VMD tó ń bo disk mọ́ Setup lójú. Ẹ gba dráífà Intel Rapid Storage láti ibùdó ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín, ẹ tú u sínú fláàṣì, ẹ tẹ Load driver, ẹ júwe rẹ̀ fún un. Disk á yọ.

Tí ẹ bá ti padà dé

Windows Update á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi 11 lọ̀ yín bí ẹni pé ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ rí. Bọ̀dá mi kò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ wọn á tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìlà mẹ́ta yìí, nínú Command Prompt tí ẹ fi Run as administrator ṣí, ni mo fi dè é mọ́lẹ̀ fún wọn:

reg add HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows\WindowsUpdate /v TargetReleaseVersion /t REG_DWORD /d 1 /f

reg add HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows\WindowsUpdate /v ProductVersion /t REG_SZ /d "Windows 10" /f

reg add HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows\WindowsUpdate /v TargetReleaseVersionInfo /t REG_SZ /d 22H2 /f

Bẹ́ẹ̀ ni, ìlà tó dagun sí òsì ti wúlò lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mi ò pè é lórí fóònù.

Ẹ tún mọ ohun tí ẹ padà sí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dí i fún yín, àyàfi tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Extended Security Updates, ESU, tí wọ́n gbé dé ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 fún àwa tí à ń lò ó nílé. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Microsoft. Ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ wà lójú ewé Windows Update. Ti bọ̀dá mi ni mo ṣe lójú ẹsẹ̀, torí orí kọ̀ǹpútà yẹn ni ọ̀rọ̀ owó wọn wà. Tèmi, mo yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Síkánà nìkan ló wà fún. Bí mo bá ya ìwé tán, fláàṣì ni mo fi ń kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹni tó bá ń lo Mac, ọ̀nà tiyín yàtọ̀, kò sì gùn láti sọ: kò sí Go back. Bí ẹ bá ti fi Time Machine ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó gbé macOS tuntun wọlé, inú yín á dùn, torí ẹ ó nu disk, ẹ ó gbé macOS àtijọ́ wọlé, ẹ ó sì kó fáìlì yín padà láti inú rẹ̀. Lórí Mac tó ní Intel, bí ẹ bá tẹ Shift, Option, Command àti R pa pọ̀ nígbà tó ń jí, á fún yín ní macOS tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tàbí èyí tó sún mọ́ ọn jù tó ṣì wà. Lórí àwọn tó ní M1 sókè, ẹ ó nílò fláàṣì. Kò sí Mac tó ń gba macOS tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Síkánà mi, lọ́jọ́ tí Windows 10 wọlé tán, mo so ó pọ̀, mo gbé ojú ìwé kan sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé náà sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, ní dídojúdé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ilẹ̀.